Lọ́yà nílé, akẹ́kọ̀ọ́ lókè òkun: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ kó tó ta ilẹ̀ fún ìrìn àjò ọmọ

Kò sí òbí tó bí lọ́yà tí kò ní í rántí ọjọ́ tí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ wọlé sẹ́nu iṣẹ́ agbẹjọ́rò. Ọmọ ti lo bí ọdún márùn-ún ní yunifásítì, ó tún ti fi bí ọdún kan jókòó nílé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà, kó tó di pé ó dé wíìgì. Mọ̀lẹ́bí yóò dá aṣọ ẹbí, wọn yóò se ìrẹsì, wọn yóò ya fọ́tò tí wọn yóò gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ ọmọ ti yí padà nìyẹn. Bàbá tó sọ ọ́ lórúkọ pàápàá yóò máa pè é ní Lọ́yà.

Ìgbà tí Lọ́yà bá sọ pé òun ń lọ sókè òkun ni ọ̀rọ̀ máa ń di méjì. Lójú ọ̀pọ̀ àwa tí a wà nílé, ibi yòówù kí lọ́yà dé, lọ́yà ni. Bí télọ̀ bá kó kúrò n'Íwó lọ sí Ìbàdàn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kò ní í sọ pé òun kò mọ aṣọ rán mọ́. A máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí lọ́yà rí, pé bí ọmọ bá balẹ̀ sí Ìlú Ọba lónìí, ilé-ẹjọ́ ni yóò wọ̀ lọ́la, owó pọ́n-ùn yóò sì máa wọlé.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ wa bá balẹ̀ sí London, New York tàbí Toronto, ó kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́yà lójú òfin ibẹ̀. Kò lè gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò níwájú adájọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè kọ orúkọ lọ́yà sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Kó tó lè rí àṣẹ náà gbà, yóò padà sídìí ìwé, yóò tún ìdánwò ṣe, yóò sì ná owó tó pọ̀. Nígbà tí ìdílé kò bá mọ èyí ṣáájú, wọn a ta ilẹ̀, wọn a yáwó. Bó bá wá di ọdún kejì tí kò sí owó, wọn a ní ọmọ ti gbàgbé ilé. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á la ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin òbí.

Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Lọ́yà tó bá ń bá èèyàn ra ilẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí, ó gbọ́dọ̀ mọ ìwé ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ìfọwọ́sí gómìnà pọn dandan. Ní England, kò sí gómìnà, kò sí olórí ẹbí tí wọ́n ń wá kiri. Ìwé àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìjọba ni lọ́yà wọn yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ẹni méjì yìí bá pààrọ̀ ìlú láìkọ́ ẹ̀kọ́ kankan sí i, oníbàárà tó fún wọn níṣẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀.

Lóòótọ́, àwọn òfin wa àti tiwọn jọ tan. Ọ̀pọ̀ òfin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900 ni àwọn amúnisìn gbé wá síhìn-ín tí ilé-ẹjọ́ wa sì ń lò. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ló pa wọ́n pọ̀. Ẹ̀ka tí kálukú yọ láti ìgbà náà kì í ṣe ọ̀kan náà mọ́.

Àwa náà ṣe irú òfin yìí

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé ìyànjẹ ni, pé àwọn òyìnbó kàn ń fojú di ìwé ẹ̀rí wa. Ìtàn iṣẹ́ lọ́yà nílẹ̀ wa kò fara mọ́ ọn.

Láyé ìjọba amúnisìn, kò sí ilé ẹ̀kọ́ lọ́yà kankan ní Nàìjíríà. London ni ẹni tó bá fẹ́ gba oyè náà ń lọ. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sierra Leone, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè lọ́yà. Ọdún 1879 ni wọ́n gbà á wọlé ní Inner Temple ní London, ọdún 1888 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó. Stella Thomas, tí wọ́n bí sí Èkó, gba tirẹ̀ ní 1933, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó di lọ́yà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà ré òkun kọjá ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1946 ni wọ́n gbà á wọlé, tó sì padà wá ṣiṣẹ́ lọ́yà n'Íbàdàn.

Òfin òyìnbó ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kọ́ bọ̀ wálé. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ní London kì í ṣe bí ilẹ̀ ẹbí ṣe ń jẹ́ ti ẹbí, tàbí bí wọ́n ṣe ń pín ogún ní ìdí-igi àti ní orí-ò-jorí. Ẹnu iṣẹ́ ni lọ́yà ti ń bá àwọn nǹkan wọ̀nyí pàdé, lórí ẹjọ́ oníbàárà.

Nígbà tí òmìnira ku ọdún kan, ìgbìmọ̀ kan jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Unsworth tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba àpapọ̀ ló darí rẹ̀. Ní 1959, wọ́n dábàá pé kí Nàìjíríà ní ilé ẹ̀kọ́ lọ́yà tirẹ̀, kí ẹni tó bá kàwé òfin lẹ́yìn odi sì kọ́ òfin ilé kó tó ṣiṣẹ́. Òfin tó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ jáde ní 1962, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 1963.

Títí dòní, ọmọ wa tó bá kàwé òfin ní London kò lè ti pápákọ̀ òfurufú bọ́ sí ilé-ẹjọ́ n'Íbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ lọ́yà yóò kọ́kọ́ mú un gba ìpele kan tí wọ́n ń pè ní Bar Part One. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ òfin ilẹ̀ wa, òfin ìwà ọ̀daràn, ìwé òfin ìjọba àti ètò ìdájọ́ wa, kó tó lọ bá àwọn tó kàwé nílé jókòó ní ìpele kejì. Ọgbà tí àwọn òyìnbó ṣe yí iṣẹ́ wọn ká, àwa náà ṣe irú rẹ̀ yí tiwa ká. Ìdí kan náà ló wà fún méjèèjì: ẹni tó máa gbẹnu sọ fún èèyàn níwájú adájọ́ gbọ́dọ̀ mọ òfin ibi tí ẹjọ́ wà.

Bí nǹkan ṣe rí ní Ìlú Ọba

Ohun tó kọ́kọ́ ń ya àwọn lọ́yà wa lẹ́nu ní Ìlú Ọba ni pé iṣẹ́ méjì ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní Nàìjíríà, bárísítà ni lọ́yà, sọ̀lísítọ̀ náà sì ni, ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo ló gbé méjèèjì. Ní England, sọ̀lísítọ̀ ló sáábà máa ń jókòó ní ọ́fíìsì, tó ń gba oníbàárà, tó ń ṣe ìwé ilé àti ìwé ìhágún. Bárísítà ló sáábà máa ń dé wíìgì lọ dúró níwájú adájọ́. Ọmọ wa yóò yan ọ̀kan, nítorí pé ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso wọn yàtọ̀, ìdánwò wọn sì yàtọ̀. Scotland tún dá òfin tirẹ̀ ní. Ìwé àṣẹ England kò sọ èèyàn di lọ́yà níbẹ̀.

Ọ̀nà sọ̀lísítọ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń tọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìdánwò tuntun tí wọ́n ń pè ní SQE ni wọ́n ń ṣe. Ìpele méjì ni. Ní ìpele kìíní, ìbéèrè 360 ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò dáhùn ní ọjọ́ méjì, 180 lójúmọ́. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní ìdáhùn márùn-ún, yóò sì mú èyí tó dára jù. Ní ìpele kejì, iṣẹ́ 16 ni wọn yóò gbé fún un ṣe bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, 12 ní kíkọ, 4 ní fífẹnusọ. Ìgbà mẹ́ta péré ni èèyàn lè jókòó fún ìpele kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún mẹ́fà. Owó ìdánwò méjèèjì sún mọ́ 5,000 pọ́n-ùn ní 2025, a kò sì tíì ka owó ẹ̀kọ́, owó ilé àti owó oúnjẹ mọ́ ọn.

Ìrọ̀rùn díẹ̀ wà níbẹ̀. Wọn kò ní kí lọ́yà wa padà sí yunifásítì. Ọdún méjì tí àwọn ọmọ ilé wọn gbọ́dọ̀ fi kọ́ṣẹ́, wọn kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti jẹ́ lọ́yà nílùú rẹ̀. Bí ó bá sì ti ṣiṣẹ́ lọ́yà nílé fún ọdún méjì ó kéré tán, ó lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ̀ǹda ìpele kejì fún òun, kí wọ́n sì yẹ ìwé rẹ̀ wò bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Amẹ́ríkà àti Kánádà

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gba lọ́yà tirẹ̀ wọlé. Lọ́yà New York kì í ṣe lọ́yà New Jersey, bó tilẹ̀ jẹ́ pé odò ló wà láàárín wọn. New York ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń forí lé, nítorí pé òfin ibẹ̀ la ilẹ̀kùn díẹ̀ fún ẹni tó kàwé ní ilẹ̀ tó ń lo irú òfin England. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà yóò kọ́kọ́ wo iye ọdún tó fi kàwé àti ohun tó kọ́. Bí wọ́n bá rí i pé ó dọ́gba pẹ̀lú tiwọn, ó lè jókòó fún ìdánwò láìgba dìgírì mìíràn. Bí nǹkan kan bá kù díẹ̀ káàtó, wọ́n lè ní kó lọ gba dìgírì kejì ní yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Láti 2016 ni New York ti gba ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jọ ń lò. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń ṣe é, ní oṣù kejì àti oṣù keje ọdún. Máàkì 266 nínú 400 ni èèyàn gbọ́dọ̀ gbà kó tó yege. Owó ìforúkọsílẹ̀ fún ẹni tó kàwé lẹ́yìn odi jẹ́ 750 dọ́là, nígbà tí ẹni tó kàwé òfin ní Amẹ́ríkà ń san 250. Lẹ́yìn èyí, ìdánwò mìíràn wà lórí ìwà tó yẹ lọ́yà, òmíràn wà lórí òfin New York fúnra rẹ̀, wákàtí 50 sì wà tí yóò fi ṣiṣẹ́ òfin lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí kò lówó. Wọn yóò tún wádìí ìwà rẹ̀ kí wọ́n tó búra fún un.

Ní Kánádà, ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní NCA ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí ọmọ wò, tí yóò sì sọ iye iṣẹ́ tó kù tí yóò ṣe ìdánwò rẹ̀. Òfin ìjọba Kánádà, òfin ìwà ọ̀daràn wọn àti ìlànà ìwà lọ́yà kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Bó bá yege, ìwé ẹ̀rí tí ìgbìmọ̀ náà fún un kò tíì sọ ọ́ di lọ́yà. Yóò mú un lọ sí ẹkùn tó bá fẹ́ gbé, bíi Ontario, níbi tí ìdánwò àti ìkọ́ṣẹ́ mìíràn ti ń dúró dè é. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lọ́yà nílé lè bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda ìkọ́ṣẹ́ fún òun. Quebec tún yàtọ̀, nítorí pé òfin tó ti ilẹ̀ Faransé wá ni wọ́n fi ń dá ẹjọ́ aráàlú níbẹ̀.

Ẹ má fi ìbéèrè kó ọmọ sí wàhálà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí a wà nílé gan-an nìyí. Mọ̀lẹ́bí tó mọ̀ pé lọ́yà ni ọmọ wọn yóò máa pè é: àbúrò ń bọ̀, bá a ṣe ìwé físà, ọmọ ẹ̀gbọ́n wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, lọ gbà á sílẹ̀, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ fẹ́ ra ilé, jókòó tì í. Wọn kò mọ̀ pé pàkúté ni.

Òfin tí wọ́n ṣe ní England ní 1974 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí wọn kò tíì gbà wọlé láti pe ara rẹ̀ ní sọ̀lísítọ̀. Òfin 1999 tún wà lórí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ẹni tó bá sọ ìmọ̀ràn lórí rẹ̀ di iṣẹ́ láìgba àṣẹ ti rú òfin, ì báà gbowó tàbí kó má gbowó. Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ lọ́yà láìláṣẹ. Ṣé ẹ sì rántí pé wọ́n máa ń wádìí ìwà kí wọ́n tó búra fún lọ́yà? Ẹjọ́ kan ṣoṣo lórí irú nǹkan báyìí lè ba ohun tí ọmọ ti fi ọdún mẹ́ta lé jẹ́.

Iṣẹ́ tó kù tó lè ṣe kì í ṣe ìtìjú. Ó lè bá lọ́yà tó ti gba àṣẹ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kó máa bá a to fáìlì, kó máa bá a wá òfin. Ọ̀pọ̀ ló ń tọ́jú arúgbó, ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí lóru, tí wọ́n sì ń kàwé lọ́sàn-án. Bí físà akẹ́kọ̀ọ́ bá ni ọmọ bá lọ sí Ìlú Ọba láti gba dìgírì, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gbà á láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Ẹ wo owó tí wákàtí 20 lè mú wá, kí ẹ yọ owó ilé, oúnjẹ àti ọkọ̀ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ tó ka ọmọ sí ahun.

Kí ilẹ̀ tó di títà

Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ìdílé tó tọwọ́ bọ àpò, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí wọ́n béèrè.

Ẹ béèrè ìlú àti ìpínlẹ̀ tó ń lọ gan-an. "Òkè òkun" kì í ṣe ìdáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè bóyá ó ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń gba lọ́yà wọlé níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn. Nílé níhìn-ín ló ti lè bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Ti New York àti ti Kánádà ń yẹ ìwé wò láti òkèèrè, ìpele kìíní ìdánwò England náà sì ṣeé ṣe lẹ́yìn odi England.

Ẹ jẹ́ kó kó ìwé rẹ̀ jọ kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú: àbájáde ẹ̀kọ́ láti yunifásítì, ìwé ilé ẹ̀kọ́ lọ́yà, ìwé tó fi hàn pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, àti lẹ́tà pé kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Ẹni tó wà nílé ń sáré tọ irú ìwé wọ̀nyí lẹ́sẹ̀, áńbọ̀sì ẹni tó wà ní Toronto. Orúkọ gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo wọn. Obìnrin tó bá ti yí orúkọ padà nítorí ọkọ gbọ́dọ̀ ní ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀. Kó sì máa san owó iṣẹ́ ọdọọdún rẹ̀ nílé kó tó di 31 oṣù kẹta, kí ọ̀nà àbọ̀ má baà dí.

Ẹ má sì ka ọdún méjì tó bá fi ṣiṣẹ́ lọ́yà nílé sí ìfàsẹ́yìn. A ti rí i lókè pé England àti Ontario máa ń wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ èèyàn lára. Ọdún tó dà bíi pé ó ṣòfò nílé lè dín ìdánwò tàbí ìkọ́ṣẹ́ kù lọ́hùn-ún.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òun lè bá ọmọ yín ra àṣẹ lọ́yà. Ìdánwò wọ̀nyí kò ní alágbàṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ni ọmọ fúnra rẹ̀ yóò ti forúkọ sílẹ̀, òun náà ni yóò sì jókòó. Ẹ tún fi sọ́kàn pé àṣẹ lọ́yà yàtọ̀ sí ìwé ìgbélùú. Ẹni tó yege ìdánwò New York kò tìtorí ẹ̀ gba àṣẹ láti máa gbé Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá sì máa ta ilẹ̀, ẹ ya owó ìdánwò sọ́tọ̀ kúrò lára owó ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ló dé ọ̀hún tí owó tán, tí ìwé sì di ohun àpatì.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tó tún di akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn tó ti jẹ́ lọ́yà ń gbé ẹrù méjì: ti ìdánwò, àti ti ojú tí ará ilé fi ń wò ó. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò nìkan ló lè sọ ti àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ti kejì wà lọ́wọ́ wa. Bí ó bá tún pè lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ẹ béèrè ìwé tó ń kà lọ́wọ́ àti ọjọ́ tí ìdánwò bọ́ sí, kí ẹ tó béèrè owó.